Àmì Ìdí Talato Nínú Amọ̀

Ní ìlú Kudugu, ó ti tó ọdún kan tí orúkọ Talato ti yí padà. Talato ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún tó kọjá, Asọ̀kalẹ̀ ni àdúgbò ń pè é. Ọjọ́ àwọn obìnrin lọjọ́ náà. Àwọn ọkùnrin ló ń gbé agbọ̀n lọ ra ilá lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, àwọn obìnrin a sì máa fi kẹ̀kẹ́ sáré láti Kudugu dé ìlú Reo, wọ́n a tún sá a padà. Talato ló ṣíwájú títí wọ́n fi dé Reo. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, níbi tí ọ̀nà ti gun òkè díẹ̀ lẹ́bàá àwọn igi máńgòrò, ó dédé dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálé. Obìnrin mọ́kànlélógún ló kọjá lára rẹ̀ lọ.

Ahunṣọ ni Talato. Àwọn ènìyàn ní ohun tó fà á nìyẹn, pé ẹni tó ń jókòó hunṣọ látàárọ̀ dalẹ́, níbo ló ti fẹ́ rí agbára itan? Aseta, obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí adágún tó sì gba ipò kìn-ín-ní lọ́dún yẹn, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ibikíbi tó bá ti pàdé Talato ni yóò ti nahùn pé, "Talato, òfì lo mọ̀ ọ́n gùn o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́!" Talato á rẹ́rìn-ín ẹ̀yìn eyín, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ara rẹ̀ ló bó. Kí wọ́n tó yí orí kẹ̀kẹ́ padà ní Reo ni ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ti ń gé e lójú ara, nígbà tó sì fi máa dé ìdí máńgòrò, ẹ̀jẹ̀ ti kan aṣọ. Ta ni èèyàn fẹ́ sọ irú ìyẹn fún? Ó sọ fún Rasmane ọkọ rẹ̀ pé inú ló ń run òun. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi jókòó sínú omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, kò sì wí fún ẹnì kan. Ó wo àwọn obìnrin yòókù, kò rí èyí tó ń ráhùn nínú wọn. Ó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí Ọlọ́run ṣe dá òun ni kò bá kẹ̀kẹ́ mu, ìyẹn sì dùn ún ju egbò lọ.

Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe ohun tó lè pa tì. Kìlómítà mẹ́jọ ni ilé rẹ̀ sí ilé ìhunṣọ, lójoojúmọ́ ló sì ń lọ tó ń bọ̀. Nítorí náà ó wá ìwòsàn fún ara rẹ̀. Òwú ló mọ̀, òwú náà ló sì lò. Ó kó òwú sínú aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, aró àti funfun, ó rán an mọ́ ìjókòó náà títí tó fi nípọn bí irọ̀rí ọmọ tuntun. Gbogbo ẹni tó rí i ló ní ó dára. Bí òwú ṣe ń pọ̀ sí i ni egbò ń pọ̀ sí i, Talato sì tún ń fi òwú kún un.

Nígbà tí eré ọdún yìí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Talato kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti fi àwọn bàbá rẹ̀ búra fún ara rẹ̀ pé bí òun yóò bá kú sórí kẹ̀kẹ́, kí òun kú síbẹ̀, òun kò tún ní sọ̀ kalẹ̀ lójú Kudugu. Lẹ́yìn ìyẹn ló wa kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Drabo, atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn ilé ìhunṣọ.

Ọmọ ẹ̀yà Samo ni Drabo, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọmọ ẹ̀yà Mosi ni Talato. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni Mosi ti ń sọ pé ẹrú òun ni Samo, tí Samo náà ń sọ pé ẹrú òun ni Mosi, kò sì sí ẹni tó tíì gbà fún ẹnì kejì rí. Wọ́n lè bú ara wọn níbi òkú, wọ́n lè bú ara wọn níwájú ọba. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi.

"Ẹrú mi, o ti jí?" Drabo ò tilẹ̀ gbójú sókè lórí tàyà tó ń lẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa wá sílé ọ̀gá ẹ lọ́wọ́ òfo?"

"Ẹnu ẹ á ya, Samo! Ajá tó o jẹ lánàá ṣì ń gbó nínú ikùn ẹ, mo gbọ́ ọ láti ojú ọ̀nà."

"Ó rí ẹran Mosi ló ṣe ń gbó. Gbé kẹ̀kẹ́ wá. Kí ló ṣe é?"

"Bíréèkì ni."

Drabo ti kẹ̀kẹ́ síwájú, ó fa bíréèkì, kẹ̀kẹ́ náà dúró gbọnin. "Bíréèkì yìí gbọ́n jù ẹ́ lọ." Ojú rẹ̀ wá bà lé irọ̀rí orí ìjókòó. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka náà rì. "Kí lèyí? Ọmọ ta lò ń tẹ́ síbí sùn?"

"Ìjókòó yẹn ló le, mo kàn fi rọ̀ ọ́ ni."

"Ó sì rọ̀?"

Talato ń wo ilẹ̀. Drabo wò ó títí, ó sì gbé tàyà ọwọ́ rẹ̀ jù sílẹ̀.

"Gbọ́ mi, ẹrú mi. Ká ní Mosi bíi tìẹ ni mí, ìtìjú ì bá dí àwa méjèèjì lẹ́nu. Èmi ọ̀gá ẹ ni mò ń bi ẹ́ yìí. Ibo ni ẹrú ti ń tijú ọ̀gá? Ṣé ìdí ẹ ń dùn ẹ́ ni àbí kò dùn ẹ́?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Talato kó tó mọ̀. Kò sí ọkùnrin Mosi kan lábẹ́ ọ̀run tó lè bi obìnrin ilé ẹlòmíràn ní irú ìbéèrè yẹn kí ìjà má dé. Ẹnu Drabo nìkan ló ti lè jáde kó jẹ́ àwàdà. Bó sì ṣe ń rẹ́rìn-ín ni omi gba ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti wà ní ọ̀fun rẹ̀ fún ọdún kan wá rí ọ̀nà.

"Kì í ṣe ìdí nìkan, Bàbá." Ó ti fi àwàdà sílẹ̀. "Iwájú ni. Ó máa ń bó mi. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí."

Drabo náà fi ẹ̀rín sílẹ̀. "Ohun tó mú ẹ sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn?"

"Òun ni."

"O wá jẹ́ kí gbogbo ìlú máa pè ẹ́ ní Asọ̀kalẹ̀."

"Kí ni kí n sọ fún wọn? Ṣé kí n pe ìpàdé?"

"Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́." Drabo dìde, ó fi àkísà nu ọwọ́. "Jẹ́ kí n bi ẹ́. Bí wọ́n bá gbé ẹ sórí òfì obìnrin mìíràn, ṣé wàá kàn jókòó kó o bẹ̀rẹ̀ sí í hun?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè bá tèmi dọ́gba. Màá kọ́kọ́ tú okùn ìtẹsẹ̀, màá sún pákó ìjókòó, títí á fi bá mi mu."

"Ta ló ni kẹ̀kẹ́ yìí kó tó kàn ẹ́?"

"Rasmane ni."

"Rasmane tó ga tó òpó iná. Okùn wo lo tú níbẹ̀? Pákó wo lo sún?"

Talato wo kẹ̀kẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀, kò sì fìgbà kan rò ó pé kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó yí padà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, gbogbo ìlú ló ń mọ búlọ́ọ̀kù amọ̀. Lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, òkìtì amọ̀ tútù wà níbẹ̀ tí Drabo fẹ́ fi tún ògiri rẹ̀ mọ. Ó bù ú, ó tẹ́ ẹ sórí pákó kékeré, ó fi ọwọ́ dán an, ó sì gbé e lé àpótí lẹ́yìn ògiri.

"Lọ jókòó lé e. Gbé orúnkún sókè díẹ̀, kó o dìde jẹ́jẹ́, kó o gbé pákó náà wá fún mi. Èmi ò wò ẹ́. Amọ̀ ni màá wò."

"Ṣé ẹ ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Màá fi ẹ́ ṣe é dáadáa. Lọ jókòó."

Nígbà tó gbé pákó dé, ojú ibi méjì ló jìn sínú amọ̀ náà, wọ́n sún mọ́ra bí ibi tí èèyàn fi orúnkún kúnlẹ̀ sí. Drabo na ìka rẹ̀ sáàárín wọn, ó kà á: ìka méje. Ó wá fi ọ̀bẹ ya irọ̀rí kúrò lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó wọn ìyẹn náà láti etí dé etí. Ìka méje.

"Wá wò ó. Egungun méjì yìí ni Ọlọ́run fún ẹ láti fi jókòó. Àárín wọn, ẹran ẹlẹgẹ́ ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó rán an kó ru ẹrù. Orí bèbè ni egungun ẹ ń wà lórí ìjókòó yìí. Tó bá ti yọ̀, imú ìjókòó ló ń gbé gbogbo ara ẹ dúró. Imú náà tún kọjú sókè, ta lò ń nà án sí? Àti pé ó ga jù. O máa ń na ọmọ ìka ẹsẹ̀ kó o tó kan ìtẹsẹ̀, ìbàdí ẹ á wá máa jó sọ́tùn-ún, á máa jó sósì. Ijó yẹn ló ń bó ẹ."

"Kì í ṣe ara mi?"

"Ara ta? Kí ló ṣe ara ẹ? Ara ẹ pé, ẹrú mi. Kẹ̀kẹ́ ẹni ẹlẹ́ni lo gùn."

Talato yíjú sẹ́yìn, ó ṣe bí ẹni tó ń wo àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò fẹ́ kí Samo yìí rí i.

Drabo wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó tú àpótí irin ògbólógbòó, ó sì mú ìjókòó aláwọ kan jáde, ó fẹ̀ bí àwo sagbo, oúnjẹ òkèlè wọn. Ti obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní ilé àwọn Kátólíìkì ni. Obìnrin náà fi ogún ọdún gùn ún káàkiri abúlé kó tó kú, Drabo sì ń fi òróró pa awọ rẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹni ń retí àlejò.

"Ìjókòó ìyá arúgbó!" ni Talato kígbe. "Aseta á rẹ́rìn-ín kú!"

"Jẹ́ kó kú, ipò kìn-ín-ní á ṣófo."

Ó fi ọ̀bẹ la àárín awọ náà ní gígùn, kí ohunkóhun má ṣe tẹ ẹran ẹlẹgẹ́ mọ́. Talato fúnra rẹ̀ ló fi okùn awọ fa etí méjèèjì pọ̀ lábẹ́, ọwọ́ ahunṣọ kì í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Drabo sọ ìjókòó kalẹ̀ títí gìgísẹ̀ Talato fi tẹ ìtẹsẹ̀ dáadáa. Ó fi ìgò omi tó dùbúlẹ̀ wọn imú ìjókòó, títí omi inú rẹ̀ kò fi ṣàn síwájú mọ́. Ó wá ọrùn irin kúkúrú kan fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì gbé e sún mọ́ Talato, kó má baà máa nà gbalaja bí ẹni tó ń kí ọba.

Ọjọ́ kẹta, Talato padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Samo onírọ́! Ọmọ ẹrú bàbá mi! Ó tún bó mi!"

Drabo rìn lọ bá kẹ̀kẹ́ náà, ó gbé aṣọ aró tó bò ó sókè. Irọ̀rí òwú tuntun ló bá níbẹ̀, ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Ó le, Bàbá! Mo fọwọ́ kàn án, ó le bí igi. Báwo ni èèyàn ṣe máa jókòó lórí igi kí ara má dùn ún?"

"Kí lo máa ń jókòó lé nídìí òfì?"

"Pákó ni."

"Látìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ di..." Ọdún mẹ́rìnlá ni Talato ti ń jókòó lórí pákó gbẹrẹfu nídìí òfì, ara rẹ̀ kò bó lọ́jọ́ kan rí.

"Tó o bá jókòó lórí òwú, egungun á rì," ni Drabo wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Òwú tó wà láàárín á wá dìde bá ẹ níbi tó ń dùn ẹ́. Egungun ló ń fẹ́ ohun líle, ẹrú mi. Ẹran ló ń fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀."

Talato gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló já òwú tó fi rán irọ̀rí náà, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, kò sì rọrùn fún un, nítorí aṣọ náà dára. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, egungun ìdí rẹ̀ ro ó fún bí ọjọ́ mẹ́rin, bí ẹsẹ̀ ṣe ń ro èèyàn nínú bàtà tuntun, ó sì tán. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó gun kẹ̀kẹ́ dé Reo, ó padà, ó gbé sagbo kaná fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì rántí wo ara rẹ̀ wò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tó rántí ló bú sẹ́rìn-ín ní yàrá. Rasmane bi í pé kí ló dé. Ó jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹ̀jẹ̀ dé orí amọ̀. Rasmane fọwọ́ bo ojú fún ìgbà pípẹ́. "Kẹ̀kẹ́ mi," ló ń wí, "kẹ̀kẹ́ mi náà ni."

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta pé. Obìnrin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló tò sójú ìlà, Aseta sì rí ìjókòó fífẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

"Ẹ gbà mí o! Asọ̀kalẹ̀ gbé àpótí ìdáná wá! Talato, ìkòkò ọbẹ̀ dà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, Talato ì bá ti wá ibi sá sí.

"Ẹni tó bá ní àpótí ló ń jókòó, Aseta," ló fèsì. "Ìwọ á dúró lónìí ni."

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí padà ní Reo, tí ó ku àwọn méjèèjì níwájú, ó rí i pé Aseta ò jókòó. Láti bíi kìlómítà méjì sẹ́yìn ni Aseta ti ń dúró lórí ìtẹsẹ̀. Á jókòó fún ìṣẹ́jú kan, ara rẹ̀ á gbọ̀n, á tún dìde. Lọ́dún tó kọjá, agbára ni gbogbo ayé pe ìdúró yẹn. Talato mọ̀ ọ́n, òun náà ti dúró bẹ́ẹ̀ rí, níbi tí ìjókòó ti di iná.

Wọ́n dé ìdí máńgòrò. Ẹ̀rù ba Talato gan-an. Ó gbé ìdí rẹ̀ lé àárín awọ náà, egungun méjèèjì bọ́ sí àyè wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́. Drabo wà létí ọ̀nà lórí àpótí, ó ń bú ramúramù.

"Ẹrú mi! Tó o bá sọ̀ kalẹ̀ lónìí, màá tà ẹ́ ní Tugan ìlú wa!"

"Samo ajajá, kúrò lọ́nà ọ̀gá ẹ!" ni Talato dá a lóhùn, kò sì dẹwọ́. Bó ṣe ń kọjá lára Aseta, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Kò sí ẹni tó bú ẹnì kejì. Aseta ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

Nígbà tí Talato já sí Kudugu, kò sí kẹ̀kẹ́ kankan nítòsí ẹ̀yìn rẹ̀. Orí ìjókòó ló wà nígbà tó kọjá ìlà, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, orí rẹ̀ wà lókè. Rasmane, tó ń bọ̀ láti ọjà pẹ̀lú agbọ̀n, fò sókè, gbogbo ilá dà sílẹ̀. Ọkùnrin tó di gbohùngbohùn mú sáré wá.

"Asọ̀... Talato! Kí lo jẹ lọ́dún yìí?"

Ó lè sọ pé Ọlọ́run ni. Ó lè sọ pé zomkom, omi ìyẹ̀fun ọkà bàbà, ni, kí gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín kí wọ́n sì túká. Ó gba gbohùngbohùn náà.

"Ohun tí mo jẹ lọ́dún tó kọjá náà ni mo jẹ. Agbára mi ò yí padà, ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni mo pààrọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Itan mi ò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìjókòó ló bó mi lójú ara, títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Mo fi ọdún kan tijú nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mi ò tijú mọ́. Talato lorúkọ mi."

Àwọn ọkùnrin ń wo inú agbọ̀n wọn bí ẹni pé ilá lè gbà wọ́n. Aseta ti dé nígbà náà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

"Èmi náà," ló wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́.

"Èmi náà," ni obìnrin mìíràn wí lẹ́yìn, òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ń wo ara wọn lójú, àwọn obìnrin tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí oníkálukú ti rò pé òun nìkan ni Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀. Aseta ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Talato lọ dì mọ́ ọn.

Kẹ̀kẹ́ tuntun ni ẹ̀bùn ipò kìn-ín-ní tí wọ́n fún un, ìjókòó rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí imú ọ̀bẹ. Talato tì í láàárín ìlú lọ sọ́dọ̀ Drabo, kò gùn ún, kò sì sí ẹni tó pè é ní Asọ̀kalẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé aṣọ kan tó hun lọ fún Drabo. Àwọn obìnrin mẹ́sàn-án jókòó lábẹ́ dóńgóyárò, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n, ohùn Aseta sì ń jáde láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Ó tutù o, Samo! Kí ló dé tó ò gbé e sóòrùn ná?"

Drabo ti to àwọn pákó amọ̀ tó gbẹ sórí ògiri rẹ̀. Ó fi ìṣó kọ orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan sára tirẹ̀. Talato ń kà wọ́n lọ títí ó fi dé ti àkọ́kọ́, èyí tó ti sán díẹ̀ nínú oòrùn. Ó mọ àmì ìdí ara rẹ̀. Drabo ò kọ Talato síbẹ̀, ohun tó kọ ni: Ọ̀gá mi.

Talato kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yíjú, Drabo ti tẹrí ba sórí tàyà, ó ń lẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

"Kí lò ń wò níbẹ̀, ẹrú?" ló wí. "Gbé aṣọ wá."